Ọwọ́ tí Ṣọ́lé Mọ̀

"Bí ajá yìí kò bá jẹun lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ, kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan nínú wa."

Bàbá Tínrín ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ fífi iná jó irin pọ̀, ti sọ di dúdú. Ó ti sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ó tún ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ tó wà nínú ọgbà ilé wọn. Tínrín, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé oúnjẹ kì í hàn lára rẹ̀, mi orí pé òun gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì fojú kan òkun rí. Ìsinmi yìí ni wọn yóò lọ. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ ní ilé àlejò kan létí òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé náà ti sọ pé òun kò gba ajá. Ṣọ́lé, ajá wọn, gbọ́dọ̀ dúró, aránṣọ tó ń gbé ní ojúlé kejì yóò sì máa bọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn, bí kì í bá ṣe irú ẹ̀kọ́ tí Ṣọ́lé kọ́. Àwọn olè ti fi májèlé sínú ẹran pa ajá tí wọ́n ní ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì kó irinṣẹ́ wẹ́dà lọ. Nítorí náà, láti kékeré ni Bàbá ti kọ́ Ṣọ́lé pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ, àfi bí ẹni tó mọ̀ dáadáa bá fi ọwọ́ kan àwo náà lójú rẹ̀, tó sì wí pé, "Tìẹ ni." O lè gbé odindi itan ẹran síwájú rẹ̀. Yóò kàn máa wò ọ́ ni, itọ́ á máa kán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ààwẹ̀ ajá yìí ju ti àwọn aráàdúgbò lọ.

"Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ títí a ó fi lọ, mú Ìyá Aránṣọ wá," Bàbá wí. "Ìwọ fọwọ́ kan àwo, kí àwọn náà fọwọ́ kan án. Kí ajá gbóòórùn wọn, kó gbọ́ ohùn wọn. Má kánjú."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Ṣe é dáadáa o," ìyá rẹ̀ wí láti inú ilé. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Tínrín mú aránṣọ náà wá ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́. Ajá gbóòórùn etí aṣọ obìnrin náà, ó sì kùn. Ìyá Aránṣọ fà sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Wọ́n ṣì nílò ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí i, ẹnikẹ́ni tó bá lójú ló rí i bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ kíláàsì Tínrín ń kọ́ ijó tí wọn yóò jó lọ́jọ́ ìparí sáà. Nígbà tó sọ fún wọn pé òun ní ajá láti tọ́jú, ẹ̀rín pa wọ́n. "Ìyá Ajá!" ni wọ́n ń pè é. "Ṣé ajá ló máa bá ẹ jó?" Orúkọ náà dun Tínrín wọra. Lọ́jọ́ kejì, ó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ wá lónìí, mà. Ó ti ń mọ̀ yín." Ìyá Aránṣọ, tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀, dúpẹ́, Tínrín sì gba ibi ijó lọ. Bí Tínrín ṣe ń sọ fún un nìyẹn títí ọjọ́ ìrìnàjò fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Ṣé ó ti ń jẹun lọ́wọ́ wọn?" Bàbá bi í léèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láìjẹ́ pé o wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

 Bàbá ní géètì kan lọ́wọ́ tó gbọ́dọ̀ fi iná jó parí fún oníbàárà kí wọ́n tó lọ. "Ó dáa," ó wí, "ọ̀rọ̀ rẹ ni mo gbà." Ó fi ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀ bo ojú, ó sì padà sídìí iná.

Lówùúrọ̀ tí wọ́n lọ, Ṣọ́lé tẹ̀ lé wọn dé ẹnu géètì, ó jókòó. Kò gbó. Ìyá Tínrín, tó ti mọ ariwo ajá náà lójoojúmọ́, yíjú padà. "Kí ló dé tí ajá yìí dákẹ́ báyìí?"  Láti inú ọkọ̀, Tínrín ń wo ajá náà bó ṣe ń kéré sí i.

Òkun dára ju bó ṣe rò lọ. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Ajá yín ò jẹun o," Ìyá Aránṣọ wí. "Ó kàn ń wò mí."

"Ó máa jẹ tí ebi bá pa á, mà."

Ọjọ́ kejì, obìnrin náà tún pè. Ó ti se ìrẹsì, ó ti fi ẹja sí i, ó ti fi ọwọ́ kan àwo, ó ti wí pé, "Tìẹ ni," títí ẹnu fi ro ó. Omi nìkan ni Ṣọ́lé ń mu.  Tínrín ní kí Ìyá Aránṣọ gbé fóònù sétí ajá náà, ó sì pariwo pé, "Ṣọ́lé! Tìẹ ni!"

 Lẹ́yìn náà ó gbọ́ èékánná tó ń sáré lórí sìmẹ́ńtì.

"Ó ti sá lọ sẹ́nu géètì," Ìyá Aránṣọ wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ ló ń wá. Ọmọ mi, sọ fún bàbá ẹ."

"Mo máa sọ, mà."

Kò sọ. Bàbá ń rẹ́rìn-ín nínú omi, ìyá rẹ̀ sùn sábẹ́ agboòrùn, nǹkan tí kò tíì rí rí nìyẹn. Bí ó bá sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní ó di ọ̀la, ó sì pa fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ti bu òkèlè, ajá náà ni ó ń rí, tó jókòó ti àwo tó kún.

Fóònù ìyá rẹ̀ ló dún lọ́jọ́ kẹta. Bàbá gbé e. Ó gbọ́ ohun tí Ìyá Aránṣọ ń sọ títí, ojú rẹ̀ sì ṣú. Àánú ajá náà ti ṣe Ìyá Aránṣọ, ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ ki oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ṣọ́lé gé e jẹ. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń di àlùmọ́gàjí mú láti gé aṣọ.

"Ìgbà mélòó lo mú obìnrin yẹn lọ sọ́dọ̀ ajá?" Bàbá bi Tínrín.

"Ẹ̀ẹ̀kan, sà."

Kò nà án, kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ kó ẹrù." Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n padà sílé.

Nígbà tí wọ́n ṣí géètì, àwọn àwo ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ìyá Aránṣọ ti gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìrẹsì, ẹja, ẹran, gbogbo ohun tó rò pé ajá lè fẹ́ràn. Èèrà ti bo àwọn kan. Kò sí èyí tí ẹnu kàn. Ṣọ́lé nà gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ó kọ ojú sí títì, ìhà rẹ̀ ṣeé kà.

Tínrín bu oúnjẹ tuntun, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan àwo náà. "Ṣọ́lé, tìẹ ni. Jọ̀ọ́." Omijé ti dí i lójú.

Ajá náà wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀. Ó wá gbé ojú kúrò bí ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́, ó ń wo Bàbá.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan àwo. "Tìẹ ni." Ṣọ́lé sì na ahọ́n rẹ̀ síbi oúnjẹ.

Kò kú. Dókítà ẹranko ní bí wọ́n bá tún pẹ́ díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ìyá Aránṣọ gba abẹ́rẹ́ léraléra, ó sì pẹ́ kó tó lè gé aṣọ. Tínrín lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárín àwọn aṣọ àwọn ọmọ iléèwé tí kò tíì rán. Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì.

"Ajá ò jẹ̀bi," ó wí. "Èmi náà ò jẹ̀bi."

 Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ tí Tínrín ì bá fi jó ló fi ń gbá ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, tó sì ń bá a lọ aṣọ.

Ara Ṣọ́lé ti le báyìí. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí Tínrín bá gbé oúnjẹ fún un, yóò kọ́kọ́ wo ojú Bàbá. Bàbá pàápàá ti yí padà. Bí Tínrín bá ní òun ti ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, yóò ní, "Ó dáa," lẹ́yìn náà yóò dìde, yóò lọ fọwọ́ mi àgádágodo náà wò. Tínrín a máa gbọ́ ọ láti inú yàrá rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ tó bá fi irọ́ ra ìgbádùn, kí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ni ebi lè pa, ẹlòmíràn lè ṣèṣe, kí òun tó san gbèsè tirẹ̀. Òtítọ́ tí Tínrín ì bá sọ nírọ̀lẹ́ kan kì bá ti gbà ju pé kí ìrìnàjò sún síwájú. Òkun kò kúrò níbi tó wà.