Awò Ojú Tí Ìyàwó Mẹ́ta Lò

Nígbà tí ìgbéyàwó Kinasih ku ọ̀la, àwa obìnrin àdúgbò ti kún ẹ̀yìnkùlé wọn fọ́fọ́. Àwọn kan ń bó ẹyin, àwọn kan ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé ìrẹsì, àwọn yòókù ń ṣòfófó. Èmi ń bó ẹyin, mo sì ń ṣòfófó pẹ̀lú. Ní abúlé wa nítòsí ìlú Klaten, ẹni tí kò bá wá ṣèrànwọ́ nídìí ààrò, kó má retí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ aṣọ bátíìkì ni Kinasih ń ṣe. Ìda gbígbóná ló fi ń ya ìlà tó tín-ín-rín bí irun sórí aṣọ. Ojú rẹ̀ ni oko rẹ̀, ojú yẹn náà ló ń bọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀.

Nínú yàrá, Màmá Ngatinem ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí màmá yìí ti ń kun ojú gbogbo ìyàwó agbègbè wa. Ó máa ń gbààwẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ìyàwó, nítorí náà ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e.

Ó mú ìgò kékeré kan jáde. Awò àlẹ̀mọ́jú méjì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó rọ̀ bí awọ àlùbọ́sà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú kó lè dà bí ojú òyìnbó. Òdòdó funfun olóòórùn dídùn léfòó lórí omi rẹ̀.

"Màmá, ṣé tuntun ni?" Kinasih béèrè.

"Tuntun kẹ̀? Èyí tí ẹ̀gbọ́n ẹ àgbà wọ̀ nìyí. Èkejì náà wọ̀ ọ́. Ṣé ọdún yípo kí àwọn méjèèjì tó bímọ?"

Ìyá ìyàwó ti ń na ìgò náà sí i. "Wọ̀ ọ́, jọ̀ọ́. Ọmọ-ọmọ ni mò ń wá."

"Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ ṣá?"

"Omi híhó ni mo fi ń ṣàn án! Kòkòrò wo ló fẹ́ yè é?"

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kinasih fò sókè. "Yéè! Ó ń ta mí! Àfi bíi pé iyanrìn wà lójú ọ̀tún mi."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹwà kì í dunni? Má fọwọ́ pa á. O ò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ títí àlejò á fi lọ lọ́la, kó má lọ sọnù."

Wọ́n mú un jáde síta láti wẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Omi kànga méje ni wọ́n dà pọ̀, àwọn àgbà sì ń bù ú lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú awò yẹn lójú rẹ̀. Àwa ń pàtẹ́wọ́. Ó wẹ̀ tán, ó sùn pẹ̀lú awò náà lójú.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ojú Kinasih ti pọ́n bí ata. Omijé ń dà wàràwàrà. Inú àwọn àlejò sì ń dùn sí i ni!

"Ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn àwọn òbí ẹ̀ tó," obìnrin kan wí, ó sì kọjú sí ọmọ tirẹ̀. "Ìwọ lọ́jọ́ tìẹ ńkọ́? Eyín lò ń fi síta látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

Ó wá kan àkókò tí ìyàwó máa kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, kó gbórí lé orúnkún wọn, kó tọrọ àforíjì àti àdúrà. Bàbá rẹ̀ ti jókòó, ó ti tún fìlà ṣe. Kinasih kọjá níwájú rẹ̀ fíìn, ó lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Darsono, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, tó kàn fìdí lé àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kó lè jẹ ìrẹsì wíwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ dárí jì mí," ni Kinasih wí pẹ̀lú ẹkún.

Ìrẹsì kún ẹnu Bàbá Darsono. Ó gbé e mì tipátipá. "Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi. Olúwa á bù kún ẹ. Ṣùgbọ́n bàbá ẹ lọ̀hún yẹn o."

Ẹ̀rín pa wá dójú ikú. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn Endah, àbúrò ìyá ọkọ, tó jẹ́ dókítà ojú ní ìlú Solo. Ó dìde.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọmọ yìí ń sunkún, kò sì rí bàbá tó bí i. Ẹ jẹ́ ká mú un wọlé."

Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó rọra yọ àwọn awò náà, ó sì gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Àwa ará ààrò ti kó orí wa bọ ojú fèrèsé náà.

"Ẹ wo nǹkan funfun tó dì mọ́ ọn yìí."

"Mo ṣàn án lánàá!" Màmá Ngatinem fèsì.

"Màmá, kì í ṣe pé ẹ jẹ́ ọ̀bùn. Purotéènì wà nínú omijé wa, ẹbí èyí tó wà nínú funfun ẹyin ni. Bá a bá ti wọ awò yìí, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá pẹ́, á le, á máa ha ẹyinjú, á sọ ìríran di bàìbàì, kòkòrò á sì rí ibi fara pamọ́ sí."

"Omi híhó mi ńkọ́?"

"Bí ẹ bá da omi híhó lé funfun ẹyin, kí ló ń ṣe?"

Àwa tó wà lójú fèrèsé la dáhùn: "Ó ń dì!"

"Ẹ gbọ́? Ẹ ti ń se ẹyin sórí awò yìí láti ìgbà ìyàwó àkọ́kọ́."

Ìyá ìyàwó kò tíì gbà. "Dókítà, oyún tó fún àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá wa, ọkọ ló fún wọn lóyún o. Awò kọ́."

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n Kinasih di ọwọ́ dókítà náà mú. "Àǹtí, ṣé mo ṣì lè ya aṣọ?"

Ẹ̀rín bá dá. Mi ò lè gbàgbé bí ohùn ọmọ yẹn ṣe rí.

"Mo rí àmì funfun kan lójú ọ̀tún ẹ," Endah dá a lóhùn. "Ó jọ egbò. O wẹ omi kànga pẹ̀lú awò ìdọ̀tí lójú, o sì sùn pẹ̀lú rẹ̀. Bá a bá fi dọ̀la, ojú yẹn lè lọ. Solo là ń lọ báyìí."

"Àlejò tó kún ìta ńkọ́?" ìyá rẹ̀ pariwo.

"Ẹ fún wọn lóúnjẹ."

Bí wọ́n ṣe gbé ìyàwó lọ sílé ìwòsàn nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ wúrà ìyàwó lórí. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ dá ọkọ rẹ̀ dúró nítorí ọ̀bẹ àṣà tí ọkọ ìyàwó máa ń fi sẹ́yìn ìbàdí. Nílé, bàbá ìyàwó nìkan ló jókòó sórí ìtẹ́ tí wọ́n ṣe fún tọkọtìyàwó, tó ń bọ gbogbo ayé lọ́wọ́.

Egbò ni lóòótọ́. Wákàtí wákàtí ni wọ́n ń kán oògùn sí i, tọ̀sán tòru, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Àpá kékeré kù létí ẹyinjú náà. Dókítà ní ká ní àárín ló wà ni, ìlà yíyà ì bá ti parí. Kinasih ti padà sídìí ìda rẹ̀ báyìí. Màmá Ngatinem wá tọrọ àforíjì, ó sì da awò náà nù lójú gbogbo wa.

Ẹ̀yin èèyàn wa, a kì í yáni ní awò àlẹ̀mọ́jú, ì báà ṣe ọmọ ìyá ẹni. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ojú yẹ yín wò kí ẹ tó rà á. Ẹ fọ ọwọ́ yín kó gbẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Omi oògùn tí wọ́n ṣe fún fífọ awò ni kí ẹ fi rọra fọwọ́ ra á, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi oògùn tuntun lójoojúmọ́. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ, omi kànga tàbí omi híhó fọ̀ ọ́. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó wẹ̀ tàbí kí ẹ tó sùn. Bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ bá pé, ẹ jù ú nù, nítorí kò sí fífọ̀ tó lè mú gbogbo purotéènì yẹn kúrò.

Bí ojú bá sì pọ́n, tó ń ta yín, tàbí tí ìríran di bàìbàì, ẹ yọ awò náà kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kódà bó jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó yín. Ìgbéyàwó ṣeé sún síwájú. Ojú tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.