Ojú Tí Bàbá Àgbà Yá Lò

Ìkùukùu bo gbogbo àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, débi pé ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà kò lè rí ògiri ilé kejì. Nínú funfun yẹn ni ọkọ̀ àtijọ́ kan ti ń tiraka. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á yí, á yí, á ṣe bí ẹni fẹ́ gbiná, á tún dákẹ́. Obìnrin tó wà nídìí ọkọ̀ á dúró díẹ̀, á tún yí kọ́kọ́rọ́. Agbẹ̀bí ni obìnrin náà. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sì wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí wọ́n ti ránṣẹ́ wá láti abúlé tó wà ní òdìkejì odò pé aboyún kan ti ń rọbí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Ó ń fi ìka fa ilà sára ìrì tó wà lójú gíláàsì, kò wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá bi í bóyá ó rọ epo sínú ọkọ̀ lánàá bí òun ṣe rán an. Ó ní òun rọ epo sí i. Òótọ́ sì ni, ó rọ epo sí i. Ibi tó ti rí epo náà ni kò sọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tó ti ilé ìwé dé, ìyá rẹ̀ fún un ní ìwé pélébé tí ilé ìwòsàn fi ń gba epo, ó ní kó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ilé epo tó wà lẹ́yìn afárá. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Bó ṣe ń jáde ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dé, wọ́n ní àwọn ń lọ ya fọ́tò létí odò kí oòrùn tó wọ̀, pé ìmọ́lẹ̀ àsìkò yẹn máa ń sọ ara ènìyàn di wúrà. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo oòrùn. Ó wá rántí pé epo kan wà nínú ilé páànù kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé, nínú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní ìdérí, tí wọ́n kàn ta ọ̀rá bò láti ìgbà òjò. Epo ṣáà ni epo, ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó dà á sínú táǹkì, ó ki ìwé pélébé náà bọ àárín ìwé ìṣirò rẹ̀, ó sáré tẹ̀lé wọn.

Ní àárọ̀ yìí, Bàbá Àgbà ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di férémù ìlẹ̀kùn mú. Òun ló bí agbẹ̀bí. Ó ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún mọ́kànlélógójì kí ojú rẹ̀ méjèèjì tó fọ́. Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Títí di ìsinsìnyí, bí ọkọ̀ kan bá ti sú àwọn mẹkáníìkì tó wà ní oríta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ wá lọ́jọ́ ìsinmi. Á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á tẹ́tí, á sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Bó bá ku ohun tó gba ojú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí ló ń bá a wò ó. "Ìyàwó mi" ló máa ń pè é, á ní òun kò rí ìyàwó mìíràn tó mọ sípánà mú.

Ó ní kí agbẹ̀bí má yí kọ́kọ́rọ́ mọ́, kó má baà pa bátìrì. Káfíńtà tó ń gbé lójúlé kejì gbé alùpùpù rẹ̀ jáde, agbẹ̀bí gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbá àpò mọ́ra. Ìkùukùu gbé àwọn méjèèjì mì. Wọ́n ṣì ń gbọ́ ìró alùpùpù náà nígbà tí kò sí ohun tí ojú ń rí mọ́.

Bàbá Àgbà ní, "Ìyàwó mi, ó ku èmi, ìwọ àti arúgbó onírin yìí. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ó fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀ náà dé ibi àga, ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí. Ó ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, nítorí náà kì í ṣe bátìrì. Ó ní iná àti epo àti afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ, bí ọ̀kan nínú wọn kò bá dé ẹnu rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò ní dáhùn.

"Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ikọ́ ẹni tí omi há lọ́fun ni. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ omi ló wọ inú epo yìí."

Ọmọbìnrin náà yí ojú sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n Bàbá ní òun kò ní fi etí nìkan dájọ́, pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, kí àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan.

Iná ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọmọbìnrin náà tú púlọ́ọ̀gì kan, ó tún fi wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí, ó gbé e ti irin ẹ́ńjìnnì. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Iná búlúù tín-ín-rín kan ṣẹ́jú nínú ìkùukùu náà, bí ìràwọ̀ tó gbàgbé láti lọ sùn. Ọmọbìnrin náà ní iná wà. Bàbá gba púlọ́ọ̀gì náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní ó tutù, ṣùgbọ́n òórùn epo ara rẹ̀ kò lágbára tó bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà, ó ní kó yọ rọ́bà tó ń gbé epo wọ kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, kó ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò mímọ́ kan. Ìgò oyin ló rí nínú ilé. Bàbá tún yí kọ́kọ́rọ́, epo ń tọ̀ wọ inú ìgò náà, ó ń dá dúró, ó tún ń tọ̀, bí ìgbà tí iṣan ọrùn ọwọ́ bá ń lù. Bàbá ní pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó wá ní kó gbé ìgò náà sórí ògiri kékeré, kí ó fi í sílẹ̀ kó sinmi, kó ka ení, èjì títí dé igba.

Wọ́n dúró. Bàbá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń fi imú kọrin kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òrùlé kan yọ, igi kan yọ, oòrùn wá kan ìgò náà lára.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pín sí méjì. Epo wà lókè, ó rẹ̀ dòdò bíi tíì tí kò tíì dúdú. Omi wà nísàlẹ̀, ó mọ́ gaara, ààlà kan tó tẹ́jú sì wà láàárín wọn. Bó ṣe gbé ìgò náà sókè, ìṣù omi kéékèèké ń yí nísàlẹ̀ bí ojú ẹja. Ó dára débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀, ó ń yí ìgò náà sọ́tùn-ún, sósì.

"Kí lo rí?" Bàbá bi í.

Ó rántí ìyá rẹ̀ lórí alùpùpù. Ó rántí ìwé pélébé tó wà nínú ìwé ìṣirò. Bó bá ní omi ni, Bàbá yóò bi í níbi tí omi ti wá. Ọkùnrin tó ń bi í léèrè kò sì lè wo inú ìgò fúnra rẹ̀.

"Epo ni, Bàbá," ó ní. "Ó mọ́ dáadáa."

Bàbá na ọwọ́. Ó ti ìka bọ ẹnu ìgò, ó kan ohun tó wà lókè, ó fi pa àtàǹpàkò. Ó tutù, ó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Epo ni. Omi tó wà nísàlẹ̀ jìnnà sí ìka rẹ̀. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà yẹn títí oòrùn fi dé àtàrí, wọn kò sinmi. Wọ́n yọ asẹ́ epo, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n nu púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tún afẹ́fẹ́ kabúrétọ̀ ṣe. Nígbàkígbà tí Bàbá bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́, á dákẹ́. Gbogbo ohun tó ní kí ọmọbìnrin náà ṣe ló ń ṣe, ó sì mọ̀ pé kò sí èyí tó máa wúlò nínú wọn. Èyí wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju irin lọ. Bàbá kò bi í nípa ìgò náà mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti tó o. Ọ̀rọ̀ Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń dín kù, kò pe ẹnikẹ́ni ní ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Agbẹ̀bí padà dé lọ́sàn-án. Ẹrọ̀fọ̀ dé orúnkún rẹ̀, nítorí alùpùpù kò lè kọjá ibì kan, ó sì ní láti fi ẹsẹ̀ rìn. Ó ní ọmọ náà ti wáyé kí òun tó dé, pé ìyá arúgbó kan ló fi ọwọ́ gbà á, àti pé ìyá àti ọmọ wà láàyè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Kò ṣàlàyé ohun tí díẹ̀ náà jẹ́. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà.

Bàbá Àgbà wá sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí. Ó ní kí wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní oríta kí wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ, kí wọ́n sì bá òun sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé ọkọ̀ ẹnikẹ́ni wá mọ́.

"Omi ni mo gbọ́ láàárọ̀," ó ní. "Ó dá mi lójú bí orúkọ mi. Omi kò sì sí níbẹ̀. Etí náà ti tẹ̀lé ojú lọ."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá sípánà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú àpò aṣọ kan láti fi fún ẹni tó bá fẹ́.

Ọmọbìnrin náà dúró síbẹ̀ wò ó. Sípánà kẹta, ìkẹrin. Ó jáde lọ síta, ó gbé ìgò oyin náà lórí ògiri, ó mú ìwé pélébé náà nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, ó padà wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Ó ní omi wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ti rí i láti àárọ̀. Ó sọ ti kẹ́ẹ̀gì ilé páànù, ó sọ ti odò, ó sọ ti fọ́tò, kò fi ìkankan pamọ́. Bàbá ní kó da èyí tó wà lókè dànù díẹ̀díẹ̀. Ó wá ki ìka bọ ìyókù, ó fi pa àtàǹpàkò. Kò gbẹ.

"Ọkọ̀ tó bàjẹ́, ọwọ́ yóò tún un ṣe," ó ní. "Ọdún kẹfà rèé tí ojú mi ti lọ, n kò sì ka ara mi sí afọ́jú rí, nítorí ojú tìẹ ni mo ń lò. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́jú."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ kò lù ú, kò sì ké mọ́ ọn. Ó kàn ní lọ́la, ọmọbìnrin náà yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí abúlé òdìkejì odò, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún obìnrin tó bímọ náà ìdí tí agbẹ̀bí rẹ̀ kò fi tètè dé.

Ó lọ. Ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà náà mu òun náà dé orúnkún. Obìnrin náà tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Ó sọ fún un pé ọwọ́ ìyá arúgbó náà ń gbọ̀n, pé okùn ìwọ́ wé ọmọ náà lọ́rùn, àti pé gbogbo ilé ti dákẹ́ kí ọmọ náà tó ké. Kò bá a wí. Ó kàn gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà fúyẹ́ ju àpò ìwé ọmọbìnrin náà lọ, ó ń mí, ó sì ń sùn. Ọmọbìnrin náà kò lè wò ó pẹ́.

Nígbà tó padà délé, òun àti Bàbá tú ìdérí kékeré tó wà nídìí táǹkì, wọ́n jẹ́ kí epo burúkú náà kán tán sínú agbada. Wọ́n fọ inú kabúrétọ̀, wọ́n sá a sóòrùn kó gbẹ. Ọmọbìnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ilé epo tó wà lẹ́yìn afárá. Nígbà tí Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbiná, ó sì ń dún lọ láìdáwọ́ dúró. Bàbá fi ọwọ́ lé ara ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Àwọn sípánà padà sí ààyè wọn, àwọn ọkọ̀ sì tún ń wá lọ́jọ́ ìsinmi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló padà lọ́jọ́ yẹn. Fún oṣù mẹ́ta, bí ọmọbìnrin náà bá ti sọ ohun tó rí tán, Bàbá á ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ náà wá bá òun wò ó pẹ̀lú. Kò fi ìbínú ṣe é. Ó máa ń dun ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ó sì ń rọra da omi náà lọ.

Lọ́jọ́ kan, bíríkìlà kan wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Bàbá bi ọmọbìnrin náà bí ẹnu púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣe rí.

"N kò mọ̀, Bàbá," ó ní. "Ó dà bíi dúdú, ṣùgbọ́n abẹ́ ibí yìí ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ kí n gbé e síta, kí n tún un wò."

Ó gbé e lọ sínú oòrùn, ó wò ó dáadáa. Nígbà tó padà wá sọ ohun tó rí, bíríkìlà ti dìde láti wá wò ó, Bàbá sì na ọwọ́ dá a dúró. Ó ní kó jókòó, pé ìyàwó òun ti bá òun wò ó.

Ìgbọ́kànlé kò ju báyìí lọ. Kì í ṣe pé ẹni tí a gbọ́kàn lé kò ní ṣàṣìṣe, àmọ́ ohun tó bá rí ni kó sọ, èyí tí kò bá rí dáadáa, kó ní òun kò rí i. Ẹni tó bá purọ́ fún ẹni tí kò lè yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe òtítọ́ nìkan ló mú kúrò lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ó lè mú ìgbàgbọ́ tó ní nínú ara rẹ̀ lọ pẹ̀lú, kí olúwa rẹ̀ sì máa rò pé òun gan-an ló ti bàjẹ́.