Ta Ló Kó Omi Òtútù Dókítà Démọ́lá?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ariwo ti sọ nílé ìwòsàn tó wà létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì. Àgbá òtútù Dókítà Démọ́lá ti gbẹ féú!

Àgbá yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo o. Ara méjì ló ní, ọ̀kan nínú èkejì, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde kí ooru má baà ríbi wọlé. Afẹ́fẹ́ tí òyìnbó fi òtútù sọ di omi ló wà nínú rẹ̀, tí dókítà fi ń jó kókó ara dànù. Àná ni ọkọ̀ ojú omi gbé e dé láti Èkó.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Abọ́dúnrìn, ọkùnrin kúkúrú tí imú rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ débi gbogbo, kò tíì jókòó lábẹ́ àwòrán Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Gbọ́lágadé apoògùn fi nawọ́ sí Zinsu, bàbá ọlọ́dẹ.

"Ọ̀gá, bàbá yìí ni! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ọ̀mùtí ni. Ẹ lé e lẹ́nu iṣẹ́, kẹ́ ẹ tì í mọ́lé!"

"Bàbá, kí lẹ rí sọ?" ni Abọ́dúnrìn bèèrè.

Zinsu wólẹ̀ gbì. "Èmi ni, ọ̀gá! Mo mu ún!"

Dókítà di orí mú.

"Mo bá ife kan lórí àgbá. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn. Mo mu ún tán, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, àgbá ti gbẹ. Àbí èmi kọ́ ni mo padà lọ bù ú? Mawu, Ọlọ́run mi o! Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ìyàwó àti ìbejì mi!"

"Báwo ló ṣe rí lọ́nà ọ̀fun?" ni Abọ́dúnrìn tún bèèrè.

"Ó gbóná bí iná, bíi sodabi, ògógóró ilé wa, gẹ́lẹ́."

Dókítà mi orí. "Ká ní omi mi ni bàbá mu, ahọ́n wọn ì bá ti gan bí igi."

"Sodabi náà ni," ni Abọ́dúnrìn wí. Ó rìn yí ẹ̀yìn ilé ká, ó ṣa nǹkan kan nílẹ̀, ó dì í sínú áńkáṣífì. Bó ṣe wọlé, gbà, ó di Zinsu lápá mú.

"Bàbá, ó di àgọ́ ọlọ́pàá! Àgbọn tẹ́ ẹ fi àdá là lẹ́yìn ilé lẹ da omi yẹn lé!"

Zinsu bú sẹ́kún. Gbọ́lágadé bú sẹ́rìn-ín.

"Àdá kẹ̀? Ọ̀gá, òtútù ló fọ́ ọ! Omi inú rẹ̀ ló dì, ló wú, ló la èèpo! Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá."

Dókítà yíjú sí apoògùn.

"Ẹ ṣeun, tíṣà," ni Abọ́dúnrìn wí. Ó tú áńkáṣífì: àfọ́kù àgbọn wẹ́wẹ́, kò sí ojú àdá kankan lára wọn. "Mi ò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Ta ló sọ fún ọ pé òtútù ló fọ́ ọ, kì í ṣe àdá? Ẹni tó mọ ìwà bàbá ló gbé sodabi síbẹ̀. Ẹni tó mọ àgbá ṣí ló fọ́ àgbọn láìlo àdá. Ìwọ àti dókítà nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣí, dókítà sì sùn sí abúlé Gbaji lánàá. Ó kù kí ìgbéraga rẹ jẹ́wọ́ fún mi, mo bá fi irọ́ dẹ ẹ́."

Orí Gbọ́lágadé wálẹ̀. "Nítorí Deborah, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ni. Mo ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé yóò mu omi àgbọn tútù bíi ti ilé gómìnà. Ọ̀kan fọ́, òmíràn tún fọ́, títí omi àgbá fi tán. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí gbé lọ."

"Ṣé bàbá Deborah mu ún?"

"Ó ní eyín ń dun òun, kí n lọ gbé e kaná."

Ẹ̀rín gba ilé kan. Dókítà fa Zinsu dìde. "Bàbá, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Àgbá òfìfo yìí gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ òwúrọ̀ padà s'Ékòó."

Zinsu nu ojú, ó tún fìlà dé, ó sì kọjú sí apoògùn. "Ó yá, ọ̀mọ̀wé, gbé àgbá lérí. Ọlọ́pàá á máa tẹ̀ lé ọ, kó o má baà ṣìnà."