Bí Màlúù Kò Bá Lè Dúró, Ìyá Ọmọ Ńkọ́?

Ní àdúgbò wa ní àríwá Cork, níbi tí gbogbo ilé ti ń sin màlúù fún wàrà, gbólóhùn kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bá jà. Bí ènìyàn bá ti dìde, tó ní, "Mo fẹ́ lọ fún màlúù," ọ̀rọ̀ ti parí. Ìpàdé ni o, ìgbéyàwó ni o, wọn á yẹ̀ fún un kí ó kọjá. Nígbà tí ìyàwó Con, àgbẹ̀ aládùúgbò mi, kú, láti ibi ìsìnkú gan-an ni Con ti dìde lọ sídìí màlúù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u. Àlùfáà ló tiẹ̀ bá a ṣílẹ̀kùn.

"Tètè máa lọ," ni àlùfáà wí. "Ọmú tó kún kì í dúró gbọ́ àdúrà."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó ṣì ń bí mi nínú títí di òní.

Èmi Síle àti Muireann, ìyàwó ọmọ Con, la jọ ń di wàràkàṣì sínú páálí ní iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Muireann bí ọmọkùnrin kan, Éanna. Ọmọ náà pé oṣù méje kí ìyá rẹ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń fún un lọ́mú síbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti padà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Á di páálí kan, á wo aago. Á di òmíràn, á tún wo aago. Èmi tí mo dúró tì í náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, omi ọmú rin aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó sáré tọ Gearóid, ọ̀gá wa, lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n lọ fún ọmú mi."

"Nísinsìnyí? Páálí ń bọ̀ wẹẹrẹ, ìwọ ń lọ fún ọmú? Dúró di àsìkò tíì."

"Kò lè dúró, sà."

"Gbogbo wa la ń ṣe sùúrù níbí. Bí àsìkò tíì bá tó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lọ́hùn-ún."

Ara mi kò gbà á. Èmi àti ìyá Gearóid la jọ lọ sílé ìwé, n kì í bẹ̀rù rẹ̀. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Gearóid, ṣé ibẹ̀ ni ìwọ ti ń jẹ búrẹ́dì tìrẹ?"

"Màmá, ta ló pè yín sí i?"

Muireann padà sídìí páálí, ó ń fi eyín tẹ ètè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pa á mọ́ra lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì tí kò wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Bí a ṣe ṣíwọ́, ilé Con ni mo gbà lọ. Mo bá Muireann ní ilé ìdáná, ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó ń gbọ̀n. Ọmú rẹ̀ kan le, ó pọ́n, ó gbóná. Éanna ń ké. Ọkọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Con alára ń lọ láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, ó ń padà bọ̀.

"Kí ó já a lẹ́nu ọmú!" ni Con ń wí. "Mo ti sọ ọ́ títí. Ẹ ra wàrà alágolo, kí gbogbo wa sinmi. Ta ló ń sanwó omi ọmú fún un tó fi ń pa ara rẹ̀?"

Muireann bú sẹ́kún. "Bóyá òótọ́ lẹ ń sọ, Bàbá. Bóyá kí n jáwọ́ lónìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mo mọ̀ pé kò wù ú. Mo gbé fóònù, mo pe Nóirín, nọ́ọ̀sì tó máa ń lọ láti ilé dé ilé. Kò pẹ́ tó fi dé. Ó fọwọ́ kan iwájú orí Muireann, ó wo ọmú náà, ó wá kọjú sí Con.

"Bàbá, bí ọmú màlúù yín bá le, tó gbóná, ṣé ẹ máa ń fi í sílẹ̀ láìfún ni?"

Con dúró. "Fi í sílẹ̀ kẹ̀! Ṣé kí ó bàjẹ́ ni? Màá fún un ni. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà."

Muireann gbórí sókè nínú ibà. "Háà! Èmi ni mo wá di màlúù ilé yìí?"

"Ìbá ṣe pé màlúù ni ọ́," ni mo wí, "wọn ì bá ti tọ́jú rẹ!"

Ẹ̀rín pa á, ó sì yára fọwọ́ di ọmú mú torí ó dùn ún.

"Má já ọmọ lẹ́nu ọmú lójijì," ni Nóirín sọ fún un. "Máa gbé e sí ọmú bí ó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀, kò ní pa á lára. Fi aṣọ tútù lé ibi tó wú, má sì fi agbára tẹ̀ ẹ́. Bí ara rẹ kò bá fúyẹ́ títí di ọ̀la, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Àbí ta ló ní kí o má fún un níbi iṣẹ́?"

A ròyìn fún un. Ó mi orí. "Òfin ilẹ̀ wa fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní wákàtí kan lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́, láìdín owó rẹ̀ kù, títí ọmọ á fi pé ọdún méjì. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Ó yẹ kí o ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ kí o tó padà. Kọ ọ́ nísinsìnyí."

"Èmi ò mọ̀," ni Muireann wí.

"Ta ló máa sanwó wákàtí yẹn?" ni Con bi í. "Àwa àgbẹ̀ la ni iléeṣẹ́!"

"Ẹ̀yin náà lẹ máa jèrè rẹ̀. Ọmọ tó ń mu ọmú kì í sábà ṣàìsàn tó ẹni tí kò mu. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ìyá á jókòó sílé, páálí á dúró, ọsibítù á máa náwó, owó orí yín ni wọ́n sì ń ná. Ọmú fífún tún ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú kù fún ìyá. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú: bí Muireann bá ra wàrà alágolo, àwọn tó ń ṣírò ọrọ̀ ìlú á kà á mọ́ ọn. Bí ó bá fún ọmọ lọ́mú, wọn ò ní ka nǹkan kan. Lójú wọn, kò ṣiṣẹ́."

"Wàrà ń jáde nínú ilé mi, wọn ò kà á?" Con pariwo. "Ta ló kọ́ wọn ní ìṣirò?"

Àsìkò màlúù ti kọjá. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Con, n kò rí i kí ó pẹ́ rí. Ó dúró gbagidi, ó ń wo Éanna tó ti ń mu ọmú. Ojú tì í, mo sì rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣèpàdé. Muireann ti kọ̀wé, Gearóid kò tíì fèsì. Gearóid náà ní màlúù nílé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí ọ̀rọ̀ kò tíì tán, ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀.

"Ẹ má bínú o, mo fẹ́ lọ fún màlúù."

Gbogbo ènìyàn ká ẹsẹ̀ kò kí ó lè kọjá. Àfi Con, tó dìde dí ọ̀nà.

"Jókòó, Gearóid."

"Bàbá, màlúù mi ń retí mi."

"Kí wọ́n dúró di àsìkò tíì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Gearóid kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ mọ̀ pé kò lè dúró. Ọmú wọn á wú, wọn á ṣàìsàn, wàrà á gbẹ."

"Ohun tí ìyàwó ọmọ mi sọ fún ọ náà nìyẹn. Ìwọ ní kí ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èmi náà sì bú u nílé, n ò lórí ire."

Etí Gearóid pọ́n. Con wá yẹ̀ fún un.

"Ó yá, máa lọ. Màlúù rẹ kò ṣẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kó ẹrù kúrò nínú yàrá kékeré kan, wọ́n fi àga, kọ́kọ́rọ́ àti fíríìjì síbẹ̀ fún ìyá tó bá fẹ́ fún ọmú. Nígbà tí Muireann gbórí sókè láti wo aago, Gearóid ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ló bá a di páálí títí ó fi padà dé.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìyá tí a kò ràn lọ́wọ́, gbogbo wa la máa san gbèsè rẹ̀. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́, béèrè ẹ̀tọ́ rẹ kí o tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá, wá ibi tó mọ́ fún un. Bàbá ọmọ àti àgbà ilé, ẹ gba iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, ẹ má bú u, kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọ bá dìde láàárín yín, tó ní àsìkò ti tó, ẹ má bi í ní ìbéèrè. Ẹ yẹ̀ fún un kí ó kọjá.