Ọgbọ̀n Nínú Ọgọ́rùn-ún

"Ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún? Ọgbọ̀n kẹ̀! Ẹni tó gba ọgbọ̀n ti fìdí rẹmi nìyẹn o!"

Ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ipò-Kìíní ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú yàrá sáyẹ́ǹsì. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ kan wà níwájú rẹ̀, kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́; òun ní í sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é fún àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí gbalasa òfuurufú ló yá ilé-ìwé wọn ní mélòó kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè wọn ìdá tí tiwọn ń mú jáde nínú ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e. Ẹgbẹ́ tó bá ta yọ yóò lo ìsinmi ní iléeṣẹ́ náà. Ipò-Kìíní ti ń fi ìyẹn sùn, ó ń fi jí.

"Ojú ṣọ́ọ̀kì tó wà lára pákó yìí ni wọ́n ní ká gbé gílóòbù iná sí," ni ẹnìkejì rẹ̀ wí. Rọra ni wọ́n ń pè é, torí kì í kánjú. "Tó o bá sún un mọ́ sẹ́ẹ̀lì, irọ́ la pa."

"Ta ni yóò mọ̀, àfi tí ẹnu bá ń yún ẹ?"

Ipò-Kìíní sún gílóòbù mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ó tún sún un. Nígbà tí ìṣirò fò dé márùndínlọ́gọ́rin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Máàkì nìyí!"

Lọ́jọ́ ìdíje, ìyá rẹ̀ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó jókòó síwájú pátápátá. Ẹgbẹ́ kan jáde, wọ́n ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Ipò-Kìíní yọ ṣùtì. Nígbà tó kàn án, ó fi ohùn gooro kéde tirẹ̀.

Obìnrin onímọ̀-ẹ̀rọ kan tó wá láti iléeṣẹ́ náà bọ́ awò ojú. "Márùndínlọ́gọ́rin? Ọmọ mi, tún un ṣe kí n rí i."

Ó tún un ṣe. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo pákó, ó sì fa gílóòbù padà sójú ṣọ́ọ̀kì. Abẹ́rẹ́ mítà tó ń wọn iná já wálẹ̀.

"Ṣírò ó. Kà á sókè."

"Ọgbọ̀n... mà."

Wọ́n ní ogún ọdún ni irọ́ ń sá kí òótọ́ tó lé e bá. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," ni onímọ̀-ẹ̀rọ náà wí. "Èyí tó wà lórí òrùlé ilé yín, bó bá mú ogún, ó gbìyànjú. Ìpele mẹ́ta la tò léra nínú èyí, kálukú ń mú àwọ̀ tirẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, ká tó dé ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n yìí là ń fi yangàn! Sẹ́ẹ̀lì tìrẹ ló dára jù níbí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dé òkè tí iná rẹ̀ ò tó iye tí a wí, ta ni yóò gun àkàbà lọ tún un ṣe?"

Rọra dìde. "Àwa méjèèjì la sún un, mà."

"Rárá, mà," ni Ipò-Kìíní wí. "Ó kìlọ̀ fún mi. Èmi ni."

Àwọn oníméjìdínlọ́gbọ̀n ló gba ìsinmi náà. Ipò-Kìíní ń wá ilẹ̀ tí yóò lanu gbé e mì, ilẹ̀ kọ̀. Rọra gbé pákó lérí, ó ń lọ níwájú, kò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

Nílé, ìyá Ipò-Kìíní bọ́ bàtà, kò gbójú sókè. "Ta ló sọ fún ẹ pé ọgbọ̀n ò tó wa?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́: ẹni tó bá bu irọ́ lé òótọ́ rẹ̀, òótọ́ gan-an ni yóò pàdánù. Ó ti Ipò-Kìíní lójú láti sọ iye tó rí. Iye náà gan-an ni ì bá gbé e dé ibi tó ń lá lálàá.