Ẹni Tí Orin Nojeem Ń Pè

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún 1977, nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń kọ́ orin ní Kétu, a gbójú sókè, a rí bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn pa. Ṣẹ́ẹ̀tì wọn funfun, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí eérú tí òjò pa. Mo kí wọn dáadáa. Wọ́n kọ́ mi nílé: ẹni tó bá ń bà mí lẹ́rù ni mo máa ń kọ́kọ́ kí.

Èmi ni mò ń ta gìtá béèsì. Ràímì ń lu ìlù òyìnbó. Nojeem ló ń kọrin, òun ló sì ni ẹgbẹ́. Oníwéré ni bàbá rẹ̀, tí ń fi orin jí àwọn Mùsùlùmí jẹ sààrì. Ìyá rẹ̀, Màmá Martha, wà nínú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Nojeem wá po wéré àti híìmù pọ̀ mọ́ sóòlù tó ń gbọ́ nínú rédíò. Àwọn oníwéré ní ó ti ya kèfèrí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ó ti ya kèfèrí. Àwọn tó ń jó sóòlù ní ará oko ni. Kò sí ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Nojeem wà lájò nígbà tí wọ́n sin Màmá Martha; kò rí ojú wọn kẹ́yìn. Orin kan ló ṣe fún wọn, ó sì búra pé òun ò ní kọ òmíràn láyé títí òun yóò fi kọ ọ́ já. "Ìyá mi, wá o." Ó gbé e lé ohùn sóòlù tó ń já wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

A ò kọ ọ́ já rí. A bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ gìtá jóná. A gbé e lọ sí Owódé Onírin kí wọ́n bá wa wò ó, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n bí àlòkù irin tí wọ́n fẹ́ rà. A tún bẹ̀rẹ̀, ehín Ràímì wú, bí ẹni tó fi àgbálùmọ̀ pa mọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́. A tún bẹ̀rẹ̀, ohùn Nojeem ya lọ́nà ọ̀fun, ẹ̀jẹ̀ bá itọ́ jáde. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, bàbá yìí jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mi orí tẹ̀lé orin.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," Ràímì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sọ̀rọ̀, "ta lẹ wá bá?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ pè mí."

"Àwa kẹ̀? Àwọn tó yẹ kó pe àwa gan-an ò tíì pè wá."

"Ẹ ní, 'Ìyà mi, wá o.' Mo bá wá." Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó wá kí aláìsàn. "Ó dùn mọ́ mi, ká má purọ́. Wọn kì í fi orin pè mí."

Ìgbà yẹn ló tó yé wa. Ohùn sóòlù ti fa ìyá lulẹ̀, ìyà ló ń jáde lẹ́nu Nojeem. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, híìmù máa ń ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́ báyẹn, Ọlọ́run a sì fojú fò ó. Ẹni tiwa yìí kì í fojú fo nǹkan.

"Bàbá," ni Nojeem wí, "tí mo bá yí i, kò ní jẹ́ sóòlù mọ́. Wọ́n á ní wéré ni."

"Èmi ò mọ ìyàtọ̀ orin. Ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ mi ni mò ń lọ."

"Nojeem, ṣe wéré, jọ̀ọ́," ni Ràímì wí. "Ehín mi ń bẹ̀ ẹ́."

Nojeem dijú. Ó fa ohùn náà sókè láti ọ̀fun bíi ti bàbá rẹ̀, ó fi ohùn híìmù rọ̀ ọ́, sóòlù sì ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ lẹ́yìn bí àbúrò. *Ìyá mi, wá o.* Ìyá dúró lókè gbọnin. Ó kọ ọ́ já.

Bàbá dìde, wọ́n fọwọ́ nu ibi tí wọ́n jókòó sí.

"Ṣé ẹ ti ń lọ, sà?" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sìn wọ́n sọ́nà.

"Mo ń lọ. Mo kàn ń bá ìyá tí ẹ ń pè gbàyè sílẹ̀ ni."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí èèyàn ṣe ń yà fún ìyá àgbà kó kọjá. Èmi ò rí ẹnì kankan o. Nojeem ti dọ̀bálẹ̀. Ràímì dọ̀bálẹ̀. Mo bá wọn dọ̀bálẹ̀.

Ọwọ́ kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kàn mí léjìká.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ọkọ mi. Ẹ tún un kọ."