Ìrù Màlúù Tí A Kò Jẹ

Ìgò keje ń ṣe ohun tí kò yẹ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni Inès kọ́kọ́ rí i, nígbà tó wọ yàrá ìwádìí wọn lójú ọ̀nà Kamina, tó tan kọ̀ǹpútà, tó sì wo ìlà méjìlá tí ẹ̀rọ fà mọ́jú, ọ̀kan fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá nínú wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìkeje nìkan ló wálẹ̀ lójijì ní aago mẹ́fà, tó gòkè, tó tún wálẹ̀, bíi pé ẹnìkan gbé ẹrù lé e.

Kò sí ẹni tó lè gbé ẹrù lé e. Ohun tó wà nínú ìgò náà kò ju ìrọ̀rí kékeré kan lọ, irú èyí tí Ọlọ́run fi sáàárín egungun kan àti èkejì nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Láti ìrù màlúù ni Inès ti yọ ọ́. Omi pupa ni wọ́n fi ń bọ́ ọ kó má baà kú. Lọ́sàn-án, ẹ̀rọ á máa tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ oko. Tó bá di alẹ́, ẹ̀rọ á fi í sílẹ̀ kó sinmi títí di aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọ́n ti gún mẹ́fà nínú wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń sọ wọ́n di ogbó, kí Dókítà Gérard, ọ̀gá Inès, lè fi oògùn tuntun rẹ̀, tó ki bí ẹ̀kọ mímu, tún mẹ́ta ṣe. Ìkeje gba abẹ́rẹ́ ogbó. Kò sí lára àwọn tó máa gba oògùn.

“Ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè,” ni dókítà wí. Ẹni tí kì í gbà pé òjò ń rọ̀ àfi tó bá wọ̀n ọ́n ni.

Ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà. Ọjọ́ kẹta, aago mẹ́fà. Lọ́jọ́ kẹrin, Inès jókòó ti kọ̀ǹpútà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlà náà já wálẹ̀, kò sì gòkè mọ́. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Bàbá Ṣàngówáwa ni, àbúrò bàbá rẹ̀, láti Datcha, ìlú wọn.

“Inès, ìyá àgbà rẹ ṣubú lójú ọ̀nà omi. Garawa wà lórí wọn. Ẹ̀yìn wọn kò gbé wọn mọ́.”

“Nígbà wo?”

“Ní ìsinsìnyí náà ni. Aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni wọ́n jáde nílé.”

Ẹ̀rù bà á dé egungun. Ó ti rántí ibi tó ti gba ìrù yẹn.

Nílé wọn, bí wọ́n bá pa màlúù fún àwọn baba ńlá, obìnrin tó dàgbà jù ló ni ìrù. Yóò gbé e lé ìbàdí ara rẹ̀, yóò ní, “Ẹ̀yìn mi rèé. Ẹ bá mi jẹ ìrora rẹ̀ tán.” Wọ́n á sè é lọ́jọ́ náà gan-an, tọmọdé tàgbà ilé á sì jẹ níbẹ̀. Lọ́dún yìí, Olúgbódi, ìyá àgbà rẹ̀, ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán nígbà tí Inès gbé ike yìnyín dé, tó tọrọ ìrù náà. Ìrọ̀rí tó wà nínú ìgò keje tẹ́lẹ̀ ti rà, alápatà ìlú kò sì pa ẹran lọ́sẹ̀ náà. Bàbá Ṣàngówáwa ní èèwọ̀ ni. Ìyá àgbà ló rẹ́rìn-ín: “Fún un, jàre. Ta ni mo ní tó jù ú lọ?”

Wọn kò jẹ ìrora náà. Inès gbé e lọ sínú ìgò, ó ń bọ́ ọ, ó tún fi abẹ́rẹ́ sọ ọ́ di ogbó.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nígbà tí dókítà lọ jẹun ọ̀sán, Inès fa oògùn tuntun sínú abẹ́rẹ́, ó sì gún ìkeje. Kò ṣe màgòmágó rí lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ìyá àgbà sì dìde jókòó. Ọjọ́ kẹjọ, ó ti wà lóko ẹ̀wà, ó ń bú àwọn ọ̀lẹ. Inú Inès dùn débi pé ó ń jó láàárín àwọn ìgò. Ayọ̀ náà kò tíì lọ nílẹ̀ nígbà tí dókítà ní, “Lọ́jọ́ Ẹtì a ó gé gbogbo wọn sí wẹ́wẹ́, ká wo inú wọn. Ìkeje ni màá fi bẹ̀rẹ̀.”

Inès jẹ́wọ́ fún un lórí ìkúnlẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí dókítà ṣe gbé ọ̀bẹ, alùpùpù kan dúró níta, ìyá àgbà tí Inès ti ránṣẹ́ sí sì wọlé, ó nà gbọnrangandan. Ọ̀bẹ kan ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Ìyá àgbà di ìbàdí mú.

“Ẹ rọra, pàpá.”

Dókítà gbé ọ̀bẹ kúrò. Ó ní kí ìyá àgbà kọjú sí ògiri, ó tún fi ọ̀bẹ kan ìrọ̀rí náà. Ìyá àgbà tún ta kìjí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dán an wò kó tó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ṣé ẹ ní ìkòkò?” ni ìyá àgbà bèèrè. Ó tú ata àti iyọ̀ jáde láti etí aṣọ rẹ̀.

“Màmá, oògùn wà lára rẹ̀!” ni Inès ké.

“Ó ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo ti ń gba oògùn yín, ẹ ò bi mí.”

Wọ́n sè é lórí iná tí wọ́n fi ń se omi. Wọ́n pín in sí mẹ́ta. Omijé iṣẹ́ tó ṣòfò ń kán láti ojú dókítà sínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ tirẹ̀. Ìyá àgbà súre fún wọn, ó gun alùpùpù lọ.

Nírọ̀lẹ́, Inès fọ ìgò keje, ó nù ún gbẹ, ó dá a padà sáàyè rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, ó rí ìlà ìkeje. Ó ń gòkè, ó ń wálẹ̀, wéré wéré, ó ń lọ déédéé. Ìgò náà ṣófo. Ó tẹ fóònù. Àtẹ́wọ́ àti orin ló gbọ́, àti ohùn ìyá àgbà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó díẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ ṣáà jókòó.”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, àga dún. Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

Dókítà Gérard ti dúró sẹ́yìn rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Ó wo ìlà náà títí. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀ pátápátá.

“Sọ fún wọn,” ló wí, “pé kí wọ́n máa jó lọ.”